Ọ̀rọ̀ Tíntìntín Tó Ń Bá Ọ̀rọ̀-Ìṣe Òyìnbó Rìn

Ẹ̀yin tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ há mọ́ àárín Ìsọlọ̀ sí Èjìgbò, ẹ kú ìfaradà, ẹ kú ìnáwó epo. Gírámà òyìnbó ni a fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n inú dánfó la ti máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èjìgbò ti Èkó ni mo sì ń wí o. Èjìgbò ti Ọ̀ṣun, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kún ìlú Abidjan, Faransé ni wọn ó bá jà ní tiwọn.

Ẹni tó bá wọ dánfó ní Ìkòtún, tó gba Èjìgbò kọjá lọ sí Òkè-Afá, ó mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Kọ̀ńdọ́ á pariwo, "Jakande Gate, ó wà?" Ẹni tó fẹ́ sọ̀ á dáhùn, "Ó wà o!" Yorùbá yẹn dán mọ́rán. Ìgbà tí èrò kan bá fẹ́ fi òyìnbó sọ ọ́ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan á ní "I want to drop." Èkejì á ní "I want to come down." Gbogbo wa la gbọ́ ohun tí wọ́n wí, dẹ́rẹ́bà á sì dúró fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ fún ará London pé ẹnì kan "dropped" láti inú bọ́ọ̀sì, ohun tó máa rò ni pé olúwarẹ̀ já bọ́. Ní ti "come down", ẹni tó wà lórí igi ló ń "come down", iye ọjà tó wálẹ̀ náà ń "come down". Ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀, wọ́n á ní ó ti "come down with malaria". Ẹni tó fẹ́ sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, "get off" ni tirẹ̀: "I'd like to get off at Jakande Gate."

Òye kan wà nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí. Ọkọ̀ tí èèyàn lè nàró rìn nínú rẹ̀, bíi bọ́ọ̀sì ńlá, rélùwéè àti bàálù, àti èyí tí à ń gùn bí ẹṣin, bí ọ̀kadà, "get on" àti "get off" ni wọ́n ń lò fún un. Èyí tí èèyàn ní láti tẹ̀ba kó tó wọ̀ ọ́, bíi mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ àti tasín, "get into" àti "get out of" ni. Dánfó wá ńkọ́? Ìbẹ̀rẹ̀ la fi ń wọ̀ ọ́, orí àwọn tó ga sì máa ń kan òrùlé rẹ̀. Síbẹ̀, bọ́ọ̀sì ló ń jẹ́, "get off" náà ni.

Ẹ jẹ́ ká sún síwájú díẹ̀, dé ibùdó epo NNPC tó wà ní Èjìgbò, tí wọ́n fi páìpù so mọ́ Atlas Cove létí òkun. Àwa tí à ń gba ọ̀nà yẹn mọ àwọn tẹ́ńkà tó ń tò síbẹ̀. Bí ọ̀kan bá dákú sójú títì, ọ̀pọ̀ wa á ní "The tanker has spoiled", nítorí pé ó bàjẹ́ ni Yorùbá rẹ̀. Oúnjẹ tó kan ló ń "spoil". Ọkọ̀ a máa "break down". Tẹ́ńkà tó "broke down" á sì "hold us up", á dá wa dúró fún wákàtí méjì. Àwọn ará àdúgbò ti ń "put up with" èyí tipẹ́, wọ́n ń fara dà á ni. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí iná sọ níbẹ̀. Bó bá sì sọ, ẹ má pariwo pé "Put off the fire!" Lójú ẹni tó ni èdè, "put off" ni kí a sún nǹkan sí ọjọ́ mìíràn, bí ìgbà tí wọ́n sún ìdánwò tàbí ìgbéyàwó síwájú. Iná tó ń jó, "put out" la fi ń pa á. Iná mànàmáná ni a ń "turn off" tàbí "switch off".

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni àwọn olùkọ́ ń pè ní "phrasal verb": ọ̀rọ̀-ìṣe kan, bíi "get", "put" tàbí "look", tí ọ̀rọ̀ tíntìntín kan bíi "off", "up" tàbí "after" ń bá rìn, tí àwọn méjèèjì sì ti di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tíntìntín wọ̀nyí ló jẹ́ ọ̀rọ̀ atọ́kùn (preposition) níbòmíràn. Ẹ pààrọ̀ ọ̀kan, ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń dà láàmú. Nígbà tí Samuel Johnson tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jáde ní London lọ́dún 1755, ó sọ nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀ pé àkànpọ̀ báyìí wà lára ohun tó ń ni àjèjì lára jù lọ nínú èdè náà, ó sì sapá láti kó wọn jọ. Orúkọ "phrasal verb" fúnra rẹ̀ kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1925 ni òǹkọ̀wé Logan Pearsall Smith lò ó nínú ìwé rẹ̀, tí àwọn yòókù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í sọ fún ọmọ Yorùbá ni pé irú ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ A yàtọ̀ sí B. Àwọn onímọ̀ gírámà wa ń pè é ní ọ̀rọ̀-ìṣe elélà, nítorí pé ó máa ń là sí méjì, tí àbọ̀ (object) á sì bọ́ sáàárín rẹ̀. Ẹ wo "fàya". Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa sọ pé "mo fàya ìwé". Mo fa ìwé ya ni. Ẹ wo "bàjẹ́": òjò ba ọ̀nà jẹ́. Ẹ wo "gbàgbọ́": mo gba Ọlọ́run gbọ́. "Gbà" nìkan kò dé ibẹ̀, "gbọ́" nìkan kò dé ibẹ̀, àfi kí wọ́n jọ wà.

Wàyí, ẹ fi òyìnbó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí "fàya" ṣe ń ṣe ni "tear up" ń ṣe. "Tear the letter up", fa lẹ́tà náà ya. Ibi tí òyìnbó ti yà kúrò lọ́dọ̀ wa ni pé wọ́n tún gbà kí ẹ sọ pé "Tear up the letter", èyí tí Yorùbá ò gbà. Ṣùgbọ́n bí àbọ̀ bá ti di arọ́pò-orúkọ, bíi "it", "me" tàbí "them", àwọn náà kò gbà mọ́. Àárín ló gbọ́dọ̀ wà: "Tear it up." Fà á ya. Ẹni tó bá ní "Tear up it", ohun tó sọ kò yàtọ̀ sí "fàya á", etí Yorùbá yín á sì kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí etí kan náà máa ṣọ́ òyìnbó yín. "Turn it off." "Pick me up at Jakande Gate." "Drop them off at school." Bí ẹ bá dé ilé epo tí owó sì wà lọ́wọ́, "Fill it up."

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló ń là, tiwa náà kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀. "Bójú tó" kì í là: ó ń bójú tó ìyá rẹ̀, ó ń bójú tó o. Bẹ́ẹ̀ náà ni "look after" rí: "She looks after her mother", "She looks after her." "Look her after" kò sí níbì kankan. Nínú agbo ilé "look" yìí kan náà, "look for" ni wíwá nǹkan tó sọnù. "Look into" ni ká wádìí ọ̀ràn, òun sì ni àwọn olóṣèlú wa fẹ́ràn jù lọ. Láti 2003 tí wọ́n ti yọ Èjìgbò kúrò lára ìjọba ìbílẹ̀ Oshodi-Isolo, tó di agbègbè ìdàgbàsókè ìjọba ìbílẹ̀ (LCDA) tirẹ̀, mélòó ni "We will look into it" tí a ti gbọ́ lórí ọ̀nà àti gọ́tà? Yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ yẹn gan-an ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: "Ejigbo was carved out of Oshodi-Isolo."

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ èyí tó ń là? Etí ni kí ẹ lò, ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbọ́ rédíò ni mo lè ṣàlàyé rẹ̀ fún dáadáa. Nínú èyí tó ń là, ọ̀rọ̀ tíntìntín ni ohùn máa ń tẹ̀ mọ́: "turn OFF", "tear UP". Nínú èyí tí kì í là, ọ̀rọ̀-ìṣe ni ohùn ń tẹ̀ mọ́: "LOOK at it", "WAIT for me". Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ọmọ máa há ọgọ́rùn-ún wọn sórí bí orúkọ àwọn gómìnà lọ.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń rìn ní mẹ́ta-mẹ́ta: "run out of", "catch up with", "look forward to". Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ti ṣe ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́ṣẹ́. Ní ìparí lẹ́tà, wọ́n á kọ ọ́ pé "I look forward to see you." Wọ́n rò pé "to" yẹn ni èyí tó wà nínú "to see". Rárá o, ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni, ohun tó sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀-orúkọ tàbí ohun tó ń ṣe bí ọ̀rọ̀-orúkọ: "I look forward to your visit", "I look forward to seeing you."

Ibi tí a ti ń já ọ̀rọ̀ tíntìntín sílẹ̀ kò nira láti rí. "Wá gbé mi" ti di "Come and pick me", kí "up" tó dé, a ti lọ. "Pa iná" àti "tan iná" ni a sọ di "off the light" àti "on the light". Yorùbá ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ náà, "pa" àti "tàn", ni a bá fa "off" àti "on" jáde láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn, a sọ wọ́n di ọ̀rọ̀-ìṣe. Mo gbà pé ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tó kàwé ni àfikún. "Let us discuss about it." "I write to request for your assistance." "The minister emphasised on security." Ẹ gbọ́ ibi tí wọ́n ti rí i. Òyìnbó ní "a discussion about", ó ní "a request for", ó ní "emphasis on", nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ nìwọ̀nyẹn, wọn ò lè di àbọ̀ mú láìsí atọ́kùn. Bí wọ́n bá ti di ọ̀rọ̀-ìṣe, wọ́n ti lágbára láti di àbọ̀ wọn mú fúnra wọn: "discuss it", "request your assistance", "emphasise security". Ẹ fi èyí sọ́kàn, ìdajì àfikún inú lẹ́tà ìwáṣẹ́ á dópin. "Cope up with" ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. "Keep up with" àti "put up with" ni wọ́n gbọ́, ni wọ́n bá bu "up" fún "cope" tí kò bèèrè. "Cope with" ló tó.

A tún máa ń da méjì pọ̀. Ìwàkuwà lè "result in" ìjàǹbá. Ẹni tí kò rówó wọ dánfó lè "resort to" ẹsẹ̀ rẹ̀. "Result to" kò sí, àwọn méjèèjì ni wọ́n sọ di ọ̀kan. Ẹ̀yin adarí ètò lóde àríyá náà, tí ẹ máa ń sọ pé ẹ fẹ́ "round up" ọ̀rọ̀ yín: ọlọ́pàá ló ń "round up" àwọn ọmọ ìta, ó ń kó wọn jọ. Ọ̀rọ̀ sísọ, "round off" là ń ṣe fún un, bí ẹ bá tiẹ̀ ṣe tán láti parí rẹ̀ lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ atọ́kùn lásán náà ní tiẹ̀. Ọ̀kan wa, "ní", ló ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta tí òyìnbó pín fún "in", "at" àti "on". Mo ń gbé ní Èjìgbò, mo dúró ní Jakande Gate, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní ọ̀nà Ìkòtún: "ní" nìkan ló gbé gbogbo rẹ̀. Òyìnbó á ní "in Ejigbo", nítorí pé ìlú yí ẹ ká. "At Jakande Gate", nítorí pé ojú kan ni. "On Ikotun Road", nítorí pé ọ̀nà ni, nǹkan sì tò sórí rẹ̀. Bí a bá fẹ́ ṣàlàyé ju "ní" lọ, a óò fi orúkọ kún un: nínú, lórí, lábẹ́, lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ fi máa ń sọ lórí fóònù pé "I am inside bus." "I'm on the bus" ni kó wí.

Ẹnì kan á ní, "Ẹ̀yin náà ẹ jọ̀wọ́, ta ló fi òyìnbó jẹ adájọ́? Àwa náà kò ha ni èdè yìí bí?" Ìbéèrè gidi ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti Yunifásítì Ìbàdàn, tó kọ ìwé ńlá lórí gírámà Yorùbá lọ́dún 1966, sì ti gbé e yẹ̀ wò dáadáa. Nínú ohun tó kọ lọ́dún 1998, ó bèèrè pé bí ẹnì kan bá sọ òyìnbó lọ́nà tuntun, kí la máa fi mọ̀ bóyá àṣìṣe ni tàbí àrà? Ó ní ká wo iye èèyàn tó ń lò ó, ibi tó tàn dé, irú ẹni tó ń lò ó, bóyá ó ti wọ inú ìwé atúmọ̀ èdè, àti bóyá àwọn èèyàn ti gbà á. Ó sọ pé méjì tó gbẹ̀yìn ló ṣe pàtàkì jù. Ní January 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford kéde ọ̀rọ̀ 29 tó jẹ́ ti òyìnbó Nàìjíríà tí wọ́n gbà wọlé. "Dánfó" àti "ọ̀kadà" wà níbẹ̀. "Flag off" tí àwọn gómìnà fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀nà wà níbẹ̀, àti "send-forth" tí a fi ń dágbére fún ẹni tó ń lọ.

Nítorí náà, èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí "drop". Ọmọwé ń sọ ọ́, kọ̀ńdọ́ ń sọ ọ́, ó ti délẹ̀. "She has put to bed" fún ẹni tó bímọ, "she has taken in" fún ẹni tó lóyún, tiwa ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé "taken in" lẹ́nu ará London, wọ́n ti tan obìnrin náà jẹ ni. Ṣùgbọ́n "result to" àti "discuss about" kò tíì rí ẹni gbà wọ́n wọlé, bí a ti pọ̀ tó yìí tí a ń sọ wọ́n.

Àjọ ìdánwò WAEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1952, kò sì tíì gba àwáwí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé òyìnbó Nàìjíríà lòun kọ. Máàkì 50 ni wọ́n ń fún àròkọ Gẹ̀ẹ́sì. Mẹ́wàá nínú rẹ̀ wà fún kíkọ tó mọ́ láìsí àṣìṣe, ààbọ̀ máàkì sì ni wọ́n ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá kọ "request for" àti "cope up with" sínú lẹ́tà kan náà ti fi máàkì kan ṣòfò. Ti JAMB tún wà lẹ́yìn rẹ̀: ìbéèrè 60 ni Use of English, ọmọ tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn àti èyí tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọnà ló máa jọ ṣe é.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ra ìwé atúmọ̀ èdè fún ọmọ, ẹ kọ́ ọ bó ṣe máa lò ó. Èyí tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa ń lò, Oxford Advanced Learner's Dictionary, tí A. S. Hornby bẹ̀rẹ̀, Japan ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́dún 1942, nítorí àwọn tí òyìnbó kì í ṣe èdè abínibí wọn gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Kí ọmọ ṣí i sí "put", kó lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí wọ́n kọ "PHR V" sí. Ibẹ̀ ni wọ́n to gbogbo wọn sí. Bó bá rí ọfà olórí méjì láàárín ọ̀rọ̀ kan, elélà nìyẹn, àbọ̀ lè wà sáàárín. Bí kò bá sí ọfà, ibi tí wọ́n kọ àbọ̀ sí ni kó fi í sí.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣe iṣẹ́ yìí kí ètò wa tó ń bọ̀ tó dé. Ẹ tún gbólóhùn mẹ́rin yìí ṣe: "Please off it." "I look forward to hear from you." "The driver should drop me at Oke-Afa and pick by four." "We discussed about the tankers and the chairman said he will look it into." Àṣìṣe inú èyí tó gbẹ̀yìn ju ẹyọ kan lọ o. Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú ìwé, kí ẹ sì jẹ́ kí olùkọ́ yín yẹ̀ ẹ́ wò.